Ẹ̀wà, Yanrìn àti Lékèélékèé: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ SS3 ní Àṣàyàn Àdánidá

Ẹ bi ọmọ SS3 pé kí ló dé tí tata inú koríko tútù fi jọ ewé. Ìdáhùn tó sábà máa ń jáde ni, “Ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà kí ẹyẹ má baà rí i, sà.” Ìdáhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlọrin ni mo ti ń kọ́ Báyọ́lọ́jì, ó sì pẹ́ kí n tó gbà pé àlàyé ẹnu nìkan kò lè wo àṣìṣe yìí sàn. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun fi gbẹ, mo ya àwòrán, mo kọ nóòtì kún bọ́ọ̀dù. Ìgbà tí ìdánwò dé, “ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà” náà ni wọ́n tún kọ fún mi. Ẹ̀wà ló gbà mí sílẹ̀, ẹ̀wà tí à ń sè jẹ yìí.

Ohun tí ìwé ń pè ní natural selection ni mo ń pè ní àṣàyàn àdánidá. Nínú eré tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, ẹ̀wà ló dúró fún kòkòrò, àwọn ọmọ díẹ̀ ló ń ṣe ẹyẹ tó ń ṣa wọ́n jẹ. Ó gba píríọ́dù méjì tó so pọ̀. Kò gba iná mànàmáná, kò gba yàrá sáyẹ́ǹsì, ó sì ṣe é ṣe ní kíláàsì tí èrò pọ̀ sí.

Kíkó ohun èlò jọ

Ìdajì kóńgò ẹ̀wà funfun àti ìdá mẹ́rin kóńgò ẹ̀wà olóyin tó kíláàsì ọgọ́ta ọmọ, á tún ṣẹ́ kù. Ọjà Ìpàta ni mo ti máa ń ra tèmi. Ẹ̀wà olóyin ni yóò dúró fún kòkòrò pupa. Ẹ pín funfun sí méjì, ẹ fi apá kan sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ sọ apá kejì di dúdú. Ní ìlú tiwa, ohun tó yá jù fún dúdú ni tàdáwà tí àwọn ọmọ ilé kéwú fi ń kọ wàláà. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá, ẹ bu ṣíbí tàdáwà kan sí i, ẹ di ẹnu ọ̀rá, ẹ gbọ̀n ọ́n títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dúdú, kí ẹ sá a sórí bébà.

Ẹ má rẹ ẹ́ sínú tàdáwà o. Mo rẹ ẹ́ nígbà kan. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́, èèpo ti hunjọ, òmíràn ti fẹ́ẹ́ máa hù. Ẹ̀wà tó ti wú tóbi ju àwọn yòókù lọ, ojú á sì tètè bà á. Títóbi rẹ̀ ni ẹyẹ á fi mọ̀ ọ́n nígbà náà, kì í ṣe àwọ̀.

Ibi tí mi ò ti gba gbẹ̀rẹ́ nìyẹn: àwọ̀ nìkan ni kí ó yàtọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán eré yìí wò, àgbàdo, ẹ̀pà àti ẹ̀wà ni mo pò pọ̀. Ẹ̀pà ló kọ́kọ́ tán. Mo wá dúró níwájú, mò ń fi gbogbo ẹnu ṣàlàyé àwọ̀, ni ọmọbìnrin kan bá ní, “Sà, ẹ̀pà ló tóbi jù, òun ló yá ní mímú.” Òótọ́ ló sọ. Kí n má tún purọ́, àwọn kan ń jẹ ẹ̀pà náà. Nítorí náà, ẹ jókòó ti ẹ̀wà yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ ṣa èyí tí wọ́n bá ara wọn dọ́gba. Olóyin sábà máa ń kéré ju funfun lọ, ẹ ṣa èyí tó tóbi nínú olóyin àti èyí tó kéré nínú funfun.

Ilẹ̀ méjì lẹ máa nílò: ilẹ̀ pupa tó pọ̀ ní gbogbo Kwara, àti yanrìn odò tí wọ́n fi ń kọ́lé, kí ó jẹ́ èyí tó funfun dáadáa. Ẹ da ilẹ̀ náà sínú tíréè fífẹ̀ tàbí sórí àpò símẹ́ǹtì tí ẹ là, kí ó nípọn tó ìka kan. Ẹ má jọ̀ ọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ àti pàǹtí inú rẹ̀ wúlò gan-an, torí lórí ilẹ̀ tó bá jọ̀lọ̀ bí àwo, kò sí kòkòrò tó ríbi sá sí.

Abẹ́ ibòòji ni kí ẹ ti ṣe é. Oòrùn máa ń ta òjìji sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan, òjìji yẹn á sì tú àṣírí gbogbo wọn, ì báà jẹ́ pupa, ì báà jẹ́ funfun. Bí ẹ bá jáde síta, ẹ wò bóyá adìẹ wà nítòsí. Abẹ́ igi máńgòrò la wà lọ́jọ́ kan tí adìẹ méjì já wọ àárín wa, kí a tó lé wọn lọ, ìran kejì ti run. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ta ni mo fẹ́ bínú sí? Iṣẹ́ tí mo ní kí àwọn ọmọ fi ṣeré ni wọ́n wá ṣe ní tòótọ́.

Pínpín àwọn ọmọ

Ẹni mẹ́jọ ní ẹgbẹ́ kan. Ẹnì kan ni olùfọ́n, òun ló ń fọ́n ẹ̀wà ká. Ẹnì kan ni akọ̀wé. Ẹni méjì ń ka ẹ̀wà, wọ́n sì ń pa ẹ̀wà tó wà ní ìpamọ́ mọ́. Ẹni mẹ́ta ni lékèélékèé. Ẹni kẹjọ ni mo máa ń pè ní ọlọ́pàá, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ àwọn lékèélékèé tó ń yọjú wẹ̀yìn. Ẹ fi iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọmọ tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ ó rí àǹfààní rẹ̀.

Lékèélékèé ni mo yàn torí gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n ti rí i tó ń tẹ̀ lé màlúù, tó ń ṣa tata tí ẹsẹ̀ màlúù lé sókè. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnì kan á ti máa na èékánná sókè, á máa kọrin rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀wà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gba bébà náà, ẹ pa á mọ́.

Ìran kìíní

Olùfọ́n ka funfun 20, pupa 20, dúdú 20. Ọgọ́ta nìyẹn. Àwọn lékèélékèé kọ ẹ̀yìn sí tíréè ilẹ̀ pupa. Olùfọ́n fọ́n ẹ̀wà náà ká, kò gbọdọ̀ rì í mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kó àwọ̀ kan jọ sójú kan. Ó kígbe, “Ó yá!” Lékèélékèé kìíní yí ojú padà, ó fi ìka méjì mú èyí tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó sọ ọ́ sínú ife, ó tún kọ ẹ̀yìn. Ó kan ìkejì, ó kan ìkẹta, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní, títí ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ní mẹ́wàá.

Kíkọ ẹ̀yìn lẹ́yìn ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan yìí ni ọkàn eré náà. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n tẹjú mọ́ tíréè, wọ́n á kàn máa gbá ẹ̀wà jọ bí ẹni ń ṣa owó níbi ìnáwó ni, àwọ̀ kò ní já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀wà 30 ti kú, ó ku 30. Èyí tó kù ló máa bímọ. Ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ tirẹ̀, ẹ mú un látinú ìpamọ́. Gbogbo wọn á tún pé 60. Ìran kejì ti dé nìyẹn, kí wọ́n fọ́n ọn padà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣàpẹẹrẹ kí ìṣirò má baà dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ká ní àwọn lékèélékèé kó funfun 16, pupa 5, dúdú 9. Ó ku funfun 4, pupa 15, dúdú 11. Wọ́n bímọ, wọ́n di 8, 30 àti 22. Ní ìran kejì, wọ́n kó funfun 7, pupa 11, dúdú 12. Ó ku 1, 19 àti 10. Wọ́n bímọ, wọ́n di 2, 38 àti 20. Ní ìran kẹta, funfun méjèèjì lọ, pupa 16 lọ, dúdú 12 lọ. Ó ku pupa 22 àti dúdú 8, wọ́n di 44 àti 16. Ẹ kíyè sí i pé pupa náà kú, ó kú gan-an. Ní ìran kẹta yẹn, òun ló kú jù nítorí òun ló pọ̀ jù nílẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń rò pé ẹni tí ilẹ̀ gbè kì í kú. Ẹ má jẹ́ kí èyí kọjá láìsọ.

Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sí bọ́ọ̀dù: bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, iye tó kú, iye tó kù, iye tí wọ́n dì lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta ya ìlà mẹ́ta, kí wọ́n rí ìlà kan tó ń gòkè, òmíràn tó ń wálẹ̀.

Dídá eré dúró

Lẹ́yìn ìran kejì, kí ó tó di pé ara wọn gbóná jù, mo máa ń dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró. Mo mú ẹ̀wà pupa kan látinú tíréè, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kan. “Ẹ̀wà yìí, àwọ̀ wo ló ní nígbà tí a bẹ̀rẹ̀?”

“Pupa, sà.”

“Ní báyìí ńkọ́?”

“Pupa náà ni.”

“Èwo ló wá yí padà nínú wọn?”

Kíláàsì á dákẹ́. Wọ́n á wo tíréè, wọ́n á wo bọ́ọ̀dù. Ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́, bó ti wù kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn tó. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló rọra dáhùn láti ẹ̀yìn: “Iye wọn ni, sà. Ẹ̀wà kankan ò yí padà.” Mo ní kí ó dìde, kí ó tún un sọ sókè. Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe ra ẹ̀wà.

Èdè wa gan-an máa ń tì wá sínú kòtò yìí. A máa ń sọ pé ẹranko “mú ara rẹ̀ bá ilẹ̀ mu”, bí ẹni pé ó jókòó, ó rò ó, ó pinnu. Mo ti fi gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni pé àwọn tó bá ilẹ̀ mu ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì bí irú ara wọn. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò ṣini lọ́nà.

Ẹnì kan á dárúkọ ọ̀gà, ìyẹn alágẹmọ. Kò sí ọdún tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹ dá a lóhùn láìbínú: ọ̀gà kan ṣoṣo ló ń pa àwọ̀ dà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kú, ẹnikẹ́ni ò bímọ. Ohun mìíràn nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún tata dúdú orí ilẹ̀ tí iná oko ti jó pẹ̀lú. Ó dà bí àpẹẹrẹ tó dára, èmi náà ti lò ó rí, àmọ́ àwọn tata kan wà ní ọ̀dàn tí ara àwọn fúnra wọn máa ń dúdú lẹ́yìn iná. Bí ẹ bá fi kọ́ wọn, àṣìṣe tí ẹ fẹ́ lé jáde lẹ ti tún fi ọwọ́ ara yín pè wọlé.

Gbígbé ẹ̀wà lọ sórí yanrìn

Apá yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ pín àwọn ẹgbẹ́ sí méjì. Kí ìdajì dúró ní òpin ìran kejì, nígbà tí funfun díẹ̀ ṣì ń mí. Kí ìdajì yòókù máa bá a lọ títí funfun á fi tán pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wọn kó ẹ̀wà wọn kúrò lórí ilẹ̀ pupa lọ sórí yanrìn funfun.

Lórí yanrìn, pupa tó ti ń jẹ gàba di ẹran ìjẹ. Dúdú burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ẹgbẹ́ tí funfun méjì ṣì kù sí lọ́wọ́, méjì yẹn lè di 4, 4 lè di 8, 8 lè di 16. Kò lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọmọ kọ̀ọ̀kan la ní kí wọ́n máa bí, ẹyẹ sì tún lè rí ọ̀kan lára wọn nígbàkigbà. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pariwo lé ẹ̀wà méjì lórí bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ibi tí ẹgbẹ́ kan bá ti pàdánù méjèèjì ní ìran àkọ́kọ́ lórí yanrìn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí fún àwọn tí kò pọ̀ nìyẹn.

Ní àwọn ẹgbẹ́ tí funfun ti tán, ohun kan ò ṣẹlẹ̀. Lékèélékèé ń kó dúdú, wọ́n ń kó pupa, funfun kan kò yọjú, ìran ń lọ ìran ń bọ̀. Títí ẹnì kan á fi sọ pé, “Sà, ẹ fún wa ní funfun díẹ̀.”

Mo ní, “Ta ló máa bí i?”

Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn jókòó sí wọn lọ́kàn. Yanrìn ń fẹ́ funfun, àmọ́ fífẹ́ kì í bímọ. Àṣàyàn kò lè yan ohun tí kò sí nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó máa ń mú ìyípadà àbímọ́ wọlé, èyí tí ìwé ń pè ní mutation. Ẹ ká bébà wẹ́wẹ́ ogún, kí ẹ fi àmì sí ọ̀kan. Ní ìran kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kan mú bébà kan, wọ́n sì dá a padà. Bí alámì bá jáde, ọmọ kan nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí máa ní àwọ̀ mìíràn. Àwọ̀ wo? Ẹ tún dìbò fún un. Ó lè jẹ́ funfun, ó lè jẹ́ dúdú tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lórí yanrìn. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan funfun torí òun ni wọ́n nílò, ẹ ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Bí ẹgbẹ́ bá pọ̀, ẹ fi ìborùn di ojú àwọn lékèélékèé ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n máa fi ọwọ́ wá ẹ̀wà lórí ilẹ̀ pupa. Iye àwọ̀ á máa lọ sókè sódò, àmọ́ kò ní ọ̀nà kan tó ń tọ̀. Ẹ gbé ìlà wọn sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn tó lajú. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni iṣẹ́ tí ojú ẹyẹ ṣe.

Ibi tí eré yìí kù sí

Ẹ̀wà kì í sá, ìyá kan kì í bí ọmọ kan péré, ẹ̀dá kì í sì í pé 60 ní gbogbo ìgbà. Ẹ ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn to àléébù yìí. Wọ́n mọ̀ ọ́n tò ju bí ẹ ti rò lọ.

Láti tíréè bọ́ sí ìgboro

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ ní Òmù-Àrán tàbí Ìgbàjà máa ń ṣa àgbàdo tó dára jù, ó máa ń so ó sókè ààrò fún irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Òun ló ń yàn níbẹ̀. Nínú eré wa, ẹyẹ kò mọ̀ pé òun ń yan nǹkan kan, ebi ló ń pa á. Charles Darwin pàápàá, onímọ̀ tó kọ ìwé lórí àṣàyàn àdánidá, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹyẹlé tí àwọn èèyàn ń sìn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1859, kí ó tó bọ́ sí ti inú igbó. Ní 1858, wọ́n ti ka iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ti Alfred Russel Wallace, tí òun náà ronú kan ohun kan náà.

Àpẹẹrẹ tó ń wọ àwọn ọmọ lára jù ni chloroquine, oògùn ibà àtijọ́. Àwọn òbí wọn á rántí bó ṣe máa ń yún ara. Ní 2005, Nàìjíríà yí ìlànà padà kúrò lórí rẹ̀ sí ACT, oògùn ibà alápòpọ̀ tí artemisinin wà nínú rẹ̀, torí pé kòkòrò ibà tí chloroquine kò lè pa ti pọ̀ jù. Kòkòrò náà kò kọ́ ọgbọ́n kankan. Àwọn kan ti wà tí oògùn kò ràn, oògùn pa àwọn yòókù, àwọn yìí bímọ. Ẹ ní kí wọ́n sọ èwo ni lékèélékèé nínú ìtàn yìí, èwo ni ẹ̀wà, èwo ni ilẹ̀. Àríyànjiyàn tó máa ń bẹ́ lórí ìbéèrè yẹn dára ju wákàtí kan nóòtì lọ.

Àpẹẹrẹ kejì ni jẹ́nótáìpù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Bí S, tó ń fa àrùn fọ́níkúfọ́láàrùn, ṣe ń fìyà jẹ ẹni tó bá gba méjì, kí ló dé tí kò tán nílẹ̀? Ní 1954, Anthony Allison fi hàn nínú iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pé AS ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ibà. Ọmọdé tó jẹ́ AS kì í tètè kú nípa ibà líle bíi ti AA, nítorí náà ó ń dàgbà, ó ń bímọ, S sì ń bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi ọmọ kankan ní jẹ́nótáìpù rẹ̀ ní gbangba. Ọmọ tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS lè wà níjòókòó.

Ẹ lè fi ti labalábá òru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún un: ní 1848 wọ́n ti rí oríṣi dúdú rẹ̀ ní Manchester. Nígbà tí èéfín ilé iṣẹ́ sọ igi di dúdú, dúdú gba ìlú, ó pé 98 nínú 100 ní 1895. Nígbà tí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ 1956 jẹ́ kí èéfín dínkù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ilẹ̀ pupa àti yanrìn yín nìyẹn, láìsí tíréè.

Ìlọrin la wà, àwọn òbí wa ní àfáà, wọ́n ní pásítọ̀. Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀bọ, mi ò sì kì í bá ọmọ jiyàn ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí a fọwọ́ kà la fi ń bẹ̀rẹ̀. Òbí kan wá béèrè ohun tí mò ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Mo gbé tíréè síwájú rẹ̀, mo ní kí ó ṣe lékèélékèé. Ìran mẹ́ta ló ṣe kó tó rántí pé òun ń lọ sọ́jà.

Ìdánwò

Ìbéèrè kan ṣoṣo tó: “Àgbẹ̀ kan ń fín oògùn kan náà sí kòkòrò ẹ̀wà rẹ̀. Lọ́dún kìíní, ó ṣiṣẹ́. Lọ́dún karùn-ún, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣàlàyé.” Máàkì kan fún pé àwọn kòkòrò náà ti yàtọ̀ síra kí oògùn tó dé. Ọ̀kan fún pé oògùn pa àwọn kan, ó fi àwọn kan sílẹ̀. Ọ̀kan fún pé àwọn tó kù bímọ, ọmọ sì jọ wọ́n. Ọ̀kan fún pé irú wọn ló wá pọ̀ jù. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé oògùn ti mọ́ kòkòrò lára, ẹ pè é, ẹ gbé ẹ̀wà kan lé e lọ́wọ́, kí ẹ tún bi í ní ìbéèrè tí ẹ bi wọ́n nígbà tí ẹ dá eré dúró. Ẹ dá àwọn bébà àsọtẹ́lẹ̀ padà fún wọn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fúnra wọn fi bíírò pupa máàkì rẹ̀.

Ẹ má sè ẹ̀wà tó ti kan tàdáwà. Ẹ gbẹ gbogbo rẹ̀ dáadáa, ẹ kó o sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ sọ ata gbígbẹ mélòó kan sí i. Èmi kò fi ata sí tèmi lọ́dún kan. Nígbà tí mo ṣí ìgò ní sáà tó tẹ̀ lé e, ìyẹ̀fun ló kù nínú rẹ̀, funfun, pupa, dúdú, kòkòrò ò fi ìyàtọ̀ sí ọ̀kankan.